Eré ọta ọ̀tọ̀, iye ọta ọ̀tọ̀: ìdáhùn fún bàbá kan lórí ìbọn ọ̀dà

Bàbá kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló kọ̀wé sí mi. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ 14 láti inú ìjọ wọn lọ síbi eré paintball, níbi tí àwọn òṣèré ti ń fi ìbọn yin ọta roboto tó kún fún ọ̀dà lu ara wọn, tí ẹni tí ọta bá fọ́ lára rẹ̀ sì ti jáde kúrò nínú eré, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ọdún 13. Ìbọn àyálò ni gbogbo àwọn ọmọ náà lò, ṣùgbọ́n pápá dà wọ́n pọ̀ mọ́ àgbàlagbà mẹ́rin tó gbé ìbọn tiwọn wá láti ilé. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá ọmọ ka ojú ọgbẹ́ 11 lára rẹ̀. Méje nínú wọn wà lẹ́yìn, lórí eegun èjìká kan ṣoṣo. Èsì tí pápá fún bàbá náà ni pé àwọn ti wọn gbogbo ìbọn láàárọ̀, kò sì sí èyí tó ju ẹsẹ̀ bàtà 280 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ṣe kọ ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Ìgbìmọ̀ òbí ti ní kí n kọ òfin sílẹ̀ kí a tó tún kó àwọn ọmọ lọ. Mo fẹ́ kí a ní kí wọ́n dín ìbọn kù sí 200. Ẹnìkan sọ fún mi pé òfin Amẹ́ríkà ló gba 300 láàyè, pé a kò lè yí i padà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé 200 yóò dáàbò bo àwọn ọmọ wa? Ọmọ mi ti ní òun kò lọ mọ́.”

Ẹ kú àmójútó ọmọ, sà. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀ náà. Ọdún 9 ni mo fi ṣe rẹfirí eré yìí lópin ọ̀sẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń tún ìbọn ọ̀dà ṣe fún àwọn pápá àti àwọn òṣèré, nítorí náà ohun tí ẹ ròyìn kò ṣàjèjì sí mi. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ibi tí mo dúró sí jù ni ọgbẹ́ méje ẹ̀yìn ọmọ yẹn. Ojú ọgbẹ́ ìbọn ọ̀dà máa ń rí roboto bí òrùka, etí rẹ̀ á wú, àárín rẹ̀ á mọ́ ju etí lọ, ẹni tó bá sì ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀ á lè kà á bí ìwé. Ọmọ tó gba ọta 11 káàkiri ara láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, eré ló ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó gba méje lójú kan, lẹ́yìn, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bo, ti yíjú padà pé kí òun máa jáde nígbà tí ẹnìkan ṣì ń da ọta lé e. Bí ọta kan ṣe le tó kọ́ ló ṣàlàyé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀; iye ọta tó ti kúrò lẹ́nu ìbọn kí ẹni tó ń yìn ín tó mọ̀ pé òun ti ta ọmọ náà jáde ni.

Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń fi pe méjèèjì. Bí a bá ní ìbọn kan yára, ó lè jẹ́ pé ọta kọ̀ọ̀kan tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ló ń sáré gidigidi. Ó sì lè jẹ́ pé ọta ń tẹ̀lé ọta láìsinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sá kò ju ti ìbọn mìíràn lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni n óò máa pè ní eré ọta, ẹsẹ̀ bàtà la fi ń wọ̀n ọ́. Èkejì ni n óò máa pè ní iye ọta, kíkà la máa ń kà á: mélòó ló jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Ẹni tó sọ òkúta kan lu ilẹ̀kùn àti ẹni tó sọ ẹ̀kún garawa òkúta lù ú lè fi agbára kan náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ní sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn ìbọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní chrono, eré ọta ni wọ́n fi wọ̀n. Mo gbà pé òótọ́ ni àwọn alábòójútó sọ fún yín; ìbéèrè tí ẹ kò bi wọ́n ni wọ́n dáhùn.

Ní ti 300, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ṣì í gbọ́. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó fi iye yẹn lélẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe eré náà àti àjọ ASTM, tó ń kọ ìlànà fún oríṣiríṣi ọjà àti eré, ló ti wá, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò sì sábà máa ń sọ ọ́ di àdéhùn kí wọ́n tó gba pápá kan. Gbèdéke òkè ni. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú kan ní òfin tiwọn lórí ọjọ́ orí àti ibi tí a ti lè yin ìbọn ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí pápá kan bá fẹ́ mú 280, tàbí 260, tàbí ohun tó kéré sí i, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹ lè béèrè, wọ́n sì lè gbà fún yín, pàápàá bí ẹ bá gba pápá fún ẹgbẹ́ yín nìkan.

Ìdí tí wọ́n fi dúró lórí 300 kò ju ojú ènìyàn lọ. Ọta ọ̀dà tó wọ́pọ̀ ni .68, ìyẹn ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.68 íǹṣì, ó tó mìlímítà 17, ó sì wúwo tó gíráàmù 3. Bó bá ń sá 300, agbára tó gbé tó joule (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára) 12 àti ààbọ̀. Ní 280, ó di bíi 11. Ní 250, kò pé 9. Ní 200, bíi 5 àti ààbọ̀ péré. Ẹ kíyè sí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta eré rẹ̀ ni ẹ yọ láti 300 sí 200, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín ju ìdajì lọ, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Awọ ara á gba 12 joule, á wú, á sì san. Ẹyinjú kò lè gbà á, kò tilẹ̀ lè gba 5. Nítorí náà ni ìbòjú eré yìí ṣe ní ìlànà tirẹ̀, èyí tí ASTM kọ sábẹ́ nọ́ńbà F1776, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ọta dán jígí rẹ̀ wò kí wọ́n tó tà á fún eré yìí. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ìbọn ọ̀dà fọ́ lójú ni kò ní ìbòjú lójú lásìkò tó ṣẹlẹ̀: wọ́n ṣí i láti nu òógùn, tàbí wọ́n ń fi ìbọn ṣeré lẹ́yìnkùlé ilé. Ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ kọ, ẹ jẹ́ kí èyí ṣáájú: ọmọ tó bá ṣí ìbòjú lórí pápá, fún ohun yòówù, ti parí eré ọjọ́ yẹn.

Bí agbára 200 kò bá tó ìdajì ti 300, kí ló dé tí n kò fi sọ pé kí ẹ mú un tọ̀nàtọ̀nà? Nítorí pé ọta ọ̀dà ní láti fọ́ ni. Jẹ́látì ni awọ rẹ̀, bíi ti kápúsù oògùn, ọ̀dà tó ṣeé fi omi fọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Bó bá bá ènìyàn tó fọ́, apá kan agbára rẹ̀ ti bá fífọ́ lọ, àmì á sì hàn pé ẹni náà ti jáde. Bó bá ń rọra sá jù, pàápàá tó bá bá ẹ̀wù tó nípọn tàbí ikùn tó rọ̀, á bá a, á bọ́ sílẹ̀, kò ní fi àmì kankan sílẹ̀. Ẹ bi àwọn òṣèré léèrè, wọn á sọ fún yín pé èyí tí kò fọ́ yẹn ló sábà máa ń dunni jù. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé òfin eré kò ka ẹni tí kò ní àmì lára sí ẹni tó jáde, nítorí náà ẹni tó ta á á tún ta á. Mo ti rí ọmọdébìnrin kan tí ọta mẹ́rin bọ́ lára rẹ̀ bí èkùrọ́, tó ń sunkún tó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun ti jáde, tí òfin sì ní kí n dá a lóhùn pé kò tíì jáde. Mo fọ fèrè, mo mú un jáde fúnra mi. Wọ́n ti dín eré ìbọn kù lọ́jọ́ náà nítorí àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n tà fún wọn ti pẹ́ ní ìsọ̀, ó sì ti gba omi.

Ẹ má gbàgbé pé Houston ni ẹ wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi. Jẹ́látì a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, a sì máa rọ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, débi pé ọta tí kò fọ́ ní 280 lè wà lórí àtẹ kan náà pẹ̀lú èyí tó fọ́ ní 230. Àwọn ará Jámánì ń ṣeré nísàlẹ̀ gan-an: òfin wọn fi joule 7.5 ṣe òkè fún ìbọn ọ̀dà, èyí tó jẹ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà 230 fún ọta gíráàmù 3, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lò ó. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti ṣeré bẹ́ẹ̀, bí ọta bá jẹ́ tuntun tí awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn ní kí pápá dín ìbọn kù sí 200, tí wọ́n sì kó ọta olówó pọ́ọ́kú tó nípọn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ìyà mìíràn ni ẹ fi rọ́pò ti àtijọ́.

Ọ̀nà kan wà tó sàn ju ìyẹn lọ fún ọmọ ọdún 10 sí 13, òun ni ọta kékeré, .50. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ìdajì ti .68, bíi gíráàmù 1.2 ni. Ó lè sá 280, kó sì fọ́ dáadáa, síbẹ̀ agbára tó gbé kò pé joule 5. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tètè ń dá ọta fífúyẹ́ dúró, kì í lọ jìnnà, kì í sì í tọ́ lọ bíi ti ńlá, nítorí náà ẹni tó mú .50 kò lè dúró níwájú ẹni tó mú .68. Ẹgbẹ́ tí yóò lò ó ní láti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lò ó.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí kan eré ọta .68 pẹ̀lú. Iye tí chrono sọ fún yín, ẹnu ìbọn ló wà fún. Ọta roboto kì í la afẹ́fẹ́ bí ọfà. Bó bá fi máa rin mítà 20, eré rẹ̀ ti ku bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta, agbára rẹ̀ kò sì tó ìdajì mọ́. Ọta tó jáde ní 280 tó bá ọmọ yín ní mítà 20, bí ẹni pé a yìn ín ní nǹkan bíi 180 láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní mítà mẹ́ta, 280 ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 280. Nítorí èyí ni òfin ìjúwọ́sílẹ̀ fi wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá: bí ẹ bá bá ẹnìkan láìròtẹ́lẹ̀ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 20, ẹ ó sọ fún un pé kó juwọ́ sílẹ̀ dípò kí ẹ yìnbọn lù ú. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan láàárín òfin yìí tí rẹfirí ń mú dájú àti kí a gé 30 kúrò lára 280, òfin ìjúwọ́sílẹ̀ ni n óò yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní àwọn wọn ìbọn láàárọ̀. Àárọ̀ ìlú yín kọ́ ni ọ̀sán rẹ̀. Ìbọn tó ń lo gáàsì CO2 máa ń yí padà pẹ̀lú ojú ọjọ́: bí oòrùn bá ṣe ń mú, bẹ́ẹ̀ ni ipá inú sìlíńdà ń ga, ọta náà á sì máa sáré sí i. Mo ti wọn ìbọn àyálò kan ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó kà 278. Mo tún wọ̀n ọ́n ní aago kan ọ̀sán, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sórí tábìlì nínú oòrùn, ó kà 311, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ìdè tí a fi ń yí eré ọta rẹ̀ padà. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ nínú sìlíńdà tó ní règúlétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ipá afẹ́fẹ́ dúró sójú kan, kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ pápá ló sì ti kúrò lórí CO2 nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n règúlétọ̀ tó ti gbó náà a máa jo díẹ̀díẹ̀, débi pé bí ìbọn bá ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọta àkọ́kọ́ á jáde kíkankíkan, àwọn tó tẹ̀ lé e á sì wà ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá ń wọn ìbọn, ọta kan kò tó. Kí wọ́n yin mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tún yin ọ̀kan, kí wọ́n sì gba èyí tó ga jù gẹ́gẹ́ bí iye ìbọn náà. Kí wọ́n tún ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n padà sí eegun èjìká ọmọ yín. Kí á ní ẹni tó ta á wà ní mítà 25, tí ìbọn rẹ̀ sì ń yọ ọta 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò ṣòro rárá fún ìbọn tó ń lo bátìrì. Ọta máa ń lò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó rin mítà 25. Kí ọta àkọ́kọ́ tó bá ọmọ náà, mẹ́ta mìíràn ti wà lójú ọ̀run tí ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè pè wọ́n padà. Ọmọ náà á gbọ̀n, á mọ̀ pé wọ́n ti ta òun, á gbé ọwọ́ sókè, á pariwo pé òun ti jáde, á sì yíjú padà. Ó kéré tán, ìyẹn gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń yìnbọn ní láti rí ọwọ́ náà, kó lóye rẹ̀, kó tó dá ìka dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá fi máa parí, ọta 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti jáde, láìjẹ́ pé ọkùnrin náà ní ọkàn burúkú kankan. Ẹ wá jẹ́ kí eré ọta jẹ́ 200 nínú ìtàn yìí. Iye ọta kò dín. Ẹ̀yìn ọmọ á ṣì gba méje, kí kálukú wọn kàn má le bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá sì ní ìbọn tó ń yọ mẹ́ta péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì tàbí mẹ́ta ni ọmọ náà á gbà, bí eré ọta tilẹ̀ wà ní 280. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìbọn àyálò tí àwọn ọmọ yín mú, bí ìka bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde; irin àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 13 á yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ìbẹ̀rù bá gbà á. Ike ọta tó wà lórí rẹ̀ pàápàá, tó jẹ́ pé ọta kàn ń já bọ́ sínú ìbọn, kò lè bọ́ ọ ju bíi 8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbọn oníbátìrì yàtọ̀. Mọ́tò ló ń ti ọta wọlé, irin ìfà rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti máòsì kọ̀ǹpútà, ìka méjì sì lè máa jó lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí a lè ṣètò débi pé lẹ́yìn tí ìka bá ti fà á nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìbọn fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fi ọta kún un ju bí ìka ṣe fà á lọ. Àwọn ìdíje ńlá Amẹ́ríkà gba èyí láàyè, wọ́n sì fi gbèdéke sí i. 15 ló jẹ́ nígbà kan, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kalẹ̀ láti ọdún dé ọdún títí ó fi dé bíi 10. Bí àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ṣe, bá rí i pé 15 ti pọ̀ jù, ẹ̀yin òbí kò ṣàṣìsọ nígbà tí ẹ bá ní 10 pọ̀ jù fún ọmọ tó ń dé pápá lẹ́ẹ̀kínní.

Kò yẹ kí ẹ rò pé gbogbo ẹni tó ń da ọta lé ọmọdé ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ọkùnrin kan gbé ìbọn oníbátìrì kan wá síwájú mi lórí tábìlì ìwọ̀n, ó búra pé ẹyọ kan lòun ṣètò rẹ̀ sí. Mo gbà á, mo rọra fa irin ìfà rẹ̀ títí ó fi dún, ọta kan jáde. Mo di irin náà mú, mo wá rọra ń tú u sílẹ̀, n kò tíì yọ ìka tán tí ọta kejì fi jáde. Ẹnu yà á. Àlòkù ló rà á. Ẹni tó tà á fún un ti yí ìṣètò rẹ̀ padà débi pé ìgbọ̀nrìrì kékeré ti bọ́tìnì inú rẹ̀ ni ìbọn ń kà sí fífà tuntun. Odidi ọdún kan ló ti fi ń yin méjì tó rò pé ọ̀kan ni. Chrono kò lè rí i, nítorí pé ọta méjèèjì ò ju 275 lọ.

Bí a bá wo bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, iye ọta kọ́ ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Lọ́dún 1981, ní ìlú Henniker, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ọkùnrin 12 wọ inú igbó lọ láti wá àsíá. Ìbọn Nel-Spot 007 ni wọ́n mú dání, èyí tí àwọn onígbó fi ń sàmì sára igi, tí àwọn darandaran sì fi ń sàmì sára màlúù; ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o kí ọta kọ̀ọ̀kan tó lè jáde. Ritchie White, tó jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ igbó, ló borí wọn, kò sì yìnbọn rárá títí tó fi kó gbogbo àsíá rẹ̀ pé. Títí di òní, àwọn kan ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún irú ìbọn tí a ń fi ọwọ́ kó, mo sì ti kíyè sí i pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò máa ń padà wá jù.

Kí ni kí ẹ wá kọ? Ohun tó lágbára jù tí ẹ lè béèrè kò ní nọ́ńbà nínú: kí wọ́n má ṣe da àwọn ọmọ yín pọ̀ mọ́ ẹni tó gbé ìbọn tirẹ̀ wá. Bí gbogbo ẹni tó wà lórí pápá bá mú ìbọn àyálò kan náà, iye ọta ti yanjú fúnra rẹ̀, kò sí àwíjàre. Àléébù rẹ̀ ni owó. Bí ẹ kò bá pọ̀ tó, pápá lè ní kí ẹ san owó kún un kí wọ́n tó yà yín sọ́tọ̀, mo sì mọ̀ pé gbogbo òbí kọ́ ló lè san án. Bí wọn kò bá lè yà yín sọ́tọ̀, ẹ ní kí ìbọn oníbátìrì wà lórí ètò fífà kan, ọta kan, kí rẹfirí sì rọra fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí mo ṣe fà á yẹn. Ẹ má retí pé èyí yóò dí gbogbo ihò, nítorí pé bọ́tìnì kékeré kan ni wọ́n fi ń yí ìṣètò padà, kò sì ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ fún ẹni tó fẹ́ yí i. Etí rẹfirí ló kù. Ọta mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí lè kà á. Bó bá ti lé ní mẹ́jọ, á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Rẹfirí tó bá gbọ́ ìró aṣọ yíya lórí pápá àwọn ọmọdé tí kò sì fọ fèrè, gbèdéke yòówù tí ẹ bá kọ kò wúlò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, òun ni kí a dín ọta tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gbé wọ pápá kù. Ike ọta kan máa ń gba 200; ní 10 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á tán ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ẹ bá ní kí gbogbo ènìyàn, ọmọdé àti àgbà, gbé 50 péré wọlé fún eré kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní ìbọn tó yára jù ni yóò kọ́kọ́ di aláìlọ́ta. Àwọn olówó pápá kan kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọta ni wọ́n fi ń jèrè jù, ẹ sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn: kí ẹ san iye kan pàtó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láìka iye ọta tó bá yìn.

Lórí eré ọta, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ béèrè fún 250 sí 260 bí .68 ni wọ́n ní, pẹ̀lú ọta tuntun tí wọ́n ṣí níṣojú yín, kí ẹ sì mú .50 fún àwọn tí kò tíì pé 13 bó bá wà, kí wọ́n ṣeré tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ mú ọta mẹ́wàá nínú páálí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ jẹ́ kí rẹfirí yìn wọ́n lu pátákó láti mítà 20 pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀ láìfọ́, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ọta náà kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn sókè. Èmi kò mọ pápá tí ẹ lọ, n kò sì rí ìbọn ẹni tó ta ọmọ yín, nítorí náà n kò lè búra pé oníbátìrì ni. Ohun tí ọgbẹ́ méje lójú kan sọ fún mi ni mo ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀kan nínú ọgbẹ́ náà bá wà nítòsí etí, ọrùn tàbí ẹ̀yìn orí, tàbí tí èyíkéyìí bá ṣì ń wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí dókítà wò ó.

Ní ti pé ọmọ ní òun kò lọ mọ́, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ fi lẹ́tà yìí hàn án, kí ó mọ̀ pé gbígbé ọwọ́ sókè àti yíyíjú padà tó ṣe lọ́jọ́ yẹn bá òfin eré mu pátápátá, àti pé ìbọn ló pẹ́ kó tó dákẹ́. Bó bá wá wù ú lọ́jọ́ kan láti padà, ẹ ní kí rẹfirí jẹ́ kó dúró ti òun níbi tábìlì ìwọ̀n láàárọ̀, kó máa ka nọ́ńbà tó ń hàn lójú chrono sókè fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí wọ́n bá tún wọ̀n wọ́n.